Wọ́n ń fi ìgbé ayé àbúrò mi ṣe ẹ̀rí ní kóòtù: ṣé òfin gbà á?

Ìbéèrè: Akápò ni àbúrò mi ọkùnrin ní ilé ìtajà kan n'Íbàdàn. ₦2,500,000 ló di àwátì nínú owó tó yẹ kó kó lọ sí báńkì, wọ́n sì ti gbé e lọ sí kóòtù pé ó jalè. Ní ìjókòó tó kọjá, agbẹjọ́rò ìjọba kó àwòrán rẹ̀ jáde láti orí Facebook níbi tó ti ń ṣe fàájì ní kílọ́ọ̀bù. Ó ní òun á pe aládùúgbò kan wá sọ pé oníṣekúṣe ni, ó sì tún mẹ́nu ba ẹjọ́ kan tí wọ́n pè é ní 2016, tí kóòtù ti dá a láre. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé kò sóhun tí a lè ṣe sí i. Ìyá wa ní ká lọ pe pásítọ̀ wa wá jẹ́rìí pé ọmọ dáadáa ni. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì pe pásítọ̀. Inú ìyá yín lè má dùn sí i, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ibẹ̀ ni ewu pọ̀ sí jù, ó ju ti àwòrán kílọ́ọ̀bù lọ dáadáa. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Òfin tí kóòtù yóò tẹ̀ lé ni Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011. Ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ìwé òfin ilẹ̀ wa fún lágbára láti ṣòfin lórí ẹ̀rí, nítorí náà èyí tí wọ́n ń lò n'Íbàdàn náà ni wọ́n ń lò l'Ékòó àti ní Kánò. Abala 82 sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀: ẹ̀rí pé olùjẹ́jọ́ jẹ́ oníwà burúkú kò ṣeé gbà wọlé nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, àfi ní ìwọ̀nba ibi tí òfin náà fúnra rẹ̀ là sílẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ó máa wá àlàyé kiri. Agbẹjọ́rò ìjọba ló gbọ́dọ̀ fi ibi tí òfin ti yọ̀ǹda rẹ̀ han adájọ́.

Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí a ṣe ń ronú nílé àti ládùúgbò nìyẹn, nígbà mìíràn ó sì máa ń já sí òótọ́. Ṣùgbọ́n irú ìrònú yìí gan-an ni òfin ẹ̀rí ń sá fún. Ohun tó wà níwájú adájọ́ kò ju èyí lọ: ṣé ọkùnrin yìí ló mú owó yìí, lọ́jọ́ yìí, pẹ̀lú èrò láti fi ṣe tirẹ̀? Ẹni tó ń sun kílọ́ọ̀bù lóṣooṣù lè má fọwọ́ kan owó olówó láyé rẹ̀. Ẹni tí kì í pa ìsìn jẹ lè ti kó owó náà pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Abala 135 ní kí olùpẹjọ́ fìdí ẹ̀sùn múlẹ̀ kọjá iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání, ohun tí ìtàn ìwà burúkú sì máa ń ṣe ni pé kí ẹ̀rí tí kò tó nǹkan máa dà bíi pé ó ti tó.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Abala 77 sọ ohun tí «ìwà» túmọ̀ sí nínú òfin yìí: orúkọ tí a mọ èèyàn sí láwùjọ ni, kì í ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó sì fi kún un pé orúkọ yẹn lápapọ̀ ni ẹlẹ́rìí lè sọ, pé kò gbọ́dọ̀ máa ka ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó kan aládùúgbò yẹn, ó sì kan pásítọ̀ yín bákan náà.

Ẹ jẹ́ ká mú àwọn nǹkan mẹ́ta tí agbẹjọ́rò ìjọba gbé wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwòrán kílọ́ọ̀bù: ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tí wọ́n yà á. Bó bá jẹ́ pé oṣù mélòó kan kí owó tó sọnù ni, kò bá ẹjọ́ yìí tan, ẹ̀rí tí kò sì kan ohun tí à ń jà lé lórí kò ní iṣẹ́ ní kóòtù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí owó sọnù gan-an ni, tí ìwé báńkì sì fi hàn pé ẹni tó ń gba owó oṣù kékeré san ọ̀kẹ́ àìmọye lóru ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Kì í ṣe fàájì ni ẹ̀rí níbẹ̀ mọ́, owó tí kò ní orísun ni. Bákan náà ni bí wọ́n bá fi hàn pé ó jẹ gbèsè tẹ́tẹ́ tí wọ́n sì ti ń lé e kiri. Abala 6 gbà kí wọ́n mú ohun tó lè ti èèyàn dé ìdí ìwà ọ̀daràn wá. Nítorí náà, ẹ má kàn sọ fún agbẹjọ́rò yín pé «wọ́n ń ba orúkọ rẹ̀ jẹ́». Ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán kọ̀ọ̀kan fún un, ẹni tó sanwó ọjọ́ náà, àti bí ẹ ṣe mọ̀.

Àwòrán orí Facebook tún ní ẹrù tirẹ̀ tó gbọ́dọ̀ rù. Ìwé tó jáde láti inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ni, abala 84 ló sì ń darí rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn pé lásìkò yẹn, ẹ̀rọ náà jẹ́ èyí tí wọ́n ń lò déédéé, pé irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń fi sínú rẹ̀, pé ó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, àti pé ohun tó jáde wá látinú ohun tí wọ́n fi sínú rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ náà buwọ́ lù ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Ọlọ́pàá tó kàn tẹ àwòrán jáde ní ilé ìṣẹ́ kọ̀ǹpútà lójú títì, tí kò mú ìwé kankan dání, kò tíì ṣe nǹkan kan. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n fipá ṣí fóònù àbúrò yín ni wọ́n fi rí i, abala 37 ìwé òfin orílẹ̀-èdè dáàbò bo àṣírí èèyàn. Àmọ́ mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́kàn lé ìyẹn nìkan. Abala 14 Òfin Ẹ̀rí gbà kí ẹ̀rí tí wọ́n rí lọ́nà àìtọ́ wọlé, àyàfi bí adájọ́ bá rí i pé aburú tó wà nínú gbígbà á ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Abala 15 sì ka ohun tó máa wò, bíi bí ẹ̀rí náà ti wúlò tó, bí àìtọ́ náà ti burú tó, àti bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Aládùúgbò: èyí ló rọrùn jù láti tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìṣekúṣe kò kan olè jíjà, abala 82 sì dí i pa. Bó bá tún fẹ́ máa sọ ohun tó rí lálẹ́ ọjọ́ báyìí báyìí, abala 77 náà á dá a dúró.

Ẹjọ́ 2016: abala 180, ìpín g. Olùjẹ́jọ́ tó bá bọ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí láti gbèjà ara rẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ bi í ní ìbéèrè tó máa fi hàn pé ó ti ṣẹ̀ rí, tàbí pé wọ́n ti dá a lẹ́bi rí, tàbí pé wọ́n tilẹ̀ ti pè é lẹ́jọ́ rí lórí ohun mìíràn. Ẹ kíyè sí i pé pípè lẹ́jọ́ lásán náà wà lára èèwọ̀ náà. Ẹ lọ gba ẹ̀dà ìdájọ́ 2016 tí kóòtù fọwọ́ sí, abala 104 fún yín ní ẹ̀tọ́ sí i bí ẹ bá sanwó tí wọ́n là sílẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa bóyá «a dá a sílẹ̀, a sì dá a láre» ni wọ́n kọ, tàbí wọ́n kàn da ẹjọ́ náà nù nítorí pé olùpẹjọ́ kò wá. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín méjèèjì, ọ̀pọ̀ ẹbí kì í sì í mọ èyí tó jẹ́ tiwọn títí dìgbà tí wọ́n bá rí ìwé náà.

Wàyí o, ibi tí òfin ti gba ìjọba láàyè wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ olùjẹ́jọ́ ń kú sí. Abala 12 ní bí ìbéèrè bá jẹ́ pé ṣé èèṣì ni ohun kan àbí àmọ̀ọ́mọ̀ṣe, tàbí bí olùjẹ́jọ́ bá ní àwíjàre kan tó ṣeé já, wọ́n lè fi hàn pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ léraléra tó sì jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ẹjọ́ tó mú èyí yéni jù ni ti George Joseph Smith, tí wọ́n gbọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1915. Ìyàwó rẹ̀ kú sínú báàfù ní 1912; ó ní èèṣì ni. Wọ́n jẹ́ kí ìjọba fi hàn pé obìnrin kejì tó fẹ́ náà kú sínú báàfù ní 1913, ẹ̀kẹta sì kú bẹ́ẹ̀ ní 1914, owó sì wà tí ikú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa mú bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ̀sùn ikú obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n fi kàn án. Ikú àwọn méjì yòókù kò wọlé láti fi sọ pé èèyàn burúkú ni. Ó wọlé nítorí pé èèṣì kì í ṣẹlẹ̀ lọ́nà kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí ọkọ kan náà.

Ẹ gbé e wá sórí àbúrò yín. Kí ni ó ń sọ gan-an? Bó bá ń sọ pé «n kò mú owó náà rárá», àkọsílẹ̀ oṣù tó kọjá lè máà wúlò tó bẹ́ẹ̀ fún ìjọba. Ṣùgbọ́n bó bá ń sọ pé «àṣìṣe ìṣirò ni», ó ti pe abala 12 wá fúnra rẹ̀. Bí ìwé owó bá fi hàn pé irú àṣìṣe yẹn ti ṣẹlẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó sì jẹ́ pé owó ń dín kù ní gbogbo ìgbà, kò fi ìgbà kan lé, adájọ́ máa gbà á wọlé, òun ni yóò sì gbọ́ ju ohunkóhun lọ. Kí agbẹjọ́rò yín rí gbogbo ìwé owó ọdún náà kí ó tó pinnu ohun tí àbúrò yín yóò sọ.

Ẹ̀sùn gbígba ẹrù olè ní òfin tirẹ̀, abala 36. Níbẹ̀, ìjọba lè fi hàn pé wọ́n bá ẹrù mìíràn tí wọ́n jí láàárín oṣù 12 ṣáájú lọ́wọ́ olùjẹ́jọ́, tàbí pé wọ́n ti dá a lẹ́bi lórí jìbìtì láàárín ọdún 5 ṣáájú. Fún èkejì yìí, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé ìkìlọ̀ ọjọ́ 7. Bákan náà, òfin tó dá EFCC sílẹ̀ fún wọn láṣẹ ní abala 7 láti wádìí dúkìá ẹni tí ìgbé ayé rẹ̀ bá ju ohun tó ń wọlé fún un lọ. Àbúrò yín kò sí nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mo mẹ́nu bà wọ́n nítorí pé àwọn èèyàn máa ń gbọ́ ọ tí wọ́n á rò pé gbogbo ẹjọ́ ni wọ́n ti ń lò ó.

Ó wá kan pásítọ̀. Abala 81 gbà kí olùjẹ́jọ́ mú ẹ̀rí wá pé ọmọlúwàbí ni òun. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n abala 82 tẹ̀ lé e ní kíá: bí olùjẹ́jọ́ bá ti mú ẹ̀rí ìwà rere wá, ìjọba náà láǹfààní láti mú ti ìwà burúkú wá, ìdálẹ́bi àtijọ́ tó bá wà á sì bá a wọlé. Ẹnu òfòrò ní ń pa òfòrò. Kì í ṣe ìgbà tí ẹlẹ́rìí bá dé nìkan o. Bí agbẹjọ́rò yín bá bi ẹlẹ́rìí ìjọba pé «ṣé ẹ kò mọ̀ pé olóòótọ́ ni?», ó ti tó. Bí àbúrò yín bá wà nínú àpótí tó sì là á mọ́lẹ̀ pé «èmi tí n kì í mutí, tí n kì í ṣìnà, tí wọn kò mú rí», ó ti tó. Àwòrán kílọ́ọ̀bù tí kò rọ́nà wọlé tẹ́lẹ̀ á wá dọ̀rọ̀.

Ẹ fojú inú wo pásítọ̀ nínú àpótí. Agbẹjọ́rò ìjọba á bi í pé, «Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ pé wọ́n gbé e lọ sí kóòtù ní 2016?» Bó bá ní òun kò gbọ́, kò mọ ọmọ náà tó bó ṣe rò. Bó bá ní òun gbọ́, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín gbé 2016 síwájú adájọ́. Lóòótọ́, agbẹjọ́rò yín lè tako ìbéèrè yẹn: nínú ẹjọ́ Stirland ní 1944, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ìfura tàbí ẹ̀sùn tí kò yọrí sí ìdálẹ́bi kò já ìwà rere ní koro. Adájọ́ wa lè tẹ̀ lé e, kò sì di dandan fún un. Kí ló dé tí ẹ ó fi lọ dá irú ìjà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí òfin ti ń dáàbò bò yín tẹ́lẹ̀?

Bí agbẹjọ́rò yín bá ṣì rò pé ẹlẹ́rìí ìwà yóò ṣàǹfààní, kí ó jẹ́ ẹni tó mọ àbúrò yín nídìí owó. Ẹni tó gbà á síṣẹ́ tẹ́lẹ̀, tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ti di owó mú fún, sàn ju pásítọ̀ lọ, nítorí pé ìṣòótọ́ ni ẹ̀sùn yìí kàn. (Bó bá jẹ́ ẹ̀sùn ìjà ni, ẹni tó lè sọ̀rọ̀ nípa sùúrù rẹ̀ là bá wá.) Kí ẹlẹ́rìí náà mọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, kí ó sọ iye ọdún tó ti mọ̀ ọ́n, ibi tó ti mọ̀ ọ́n, àti irú ẹni tí àwọn èèyàn ibẹ̀ mọ̀ ọ́n sí. Kí ó dákẹ́ síbẹ̀. Ìtàn bó ṣe rí pọ́ọ̀sì he tó sì dá a padà kò sí nínú ohun tí abala 77 gbà. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ onílé kò ní ṣiṣẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́ kò bá wá. Ẹ má sì retí ohun tó pọ̀: níbi tí ẹ̀rí ìjọba bá ti lágbára, ìwà rere kò ní gba èèyàn sílẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tí òṣùwọ̀n bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ó lè di iyèméjì tí adájọ́ ń wá.

Ọ̀nà méjì mìíràn wà tí ààbò abala 180 fi ń bọ́. Ọ̀kan ni bí ẹ bá gbé ìjà yín lé orí bíba orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí ìjọba jẹ́. Láti sọ pé «irọ́ ni ẹ ń pa, n kò sọ bẹ́ẹ̀» kò burú, àtakò lásán ni. Láti wá sọ pé máníjà náà fúnra rẹ̀ jẹ́ gbájúẹ̀ tó ti kówó níbi iṣẹ́ tó kúrò tẹ́lẹ̀, ìyẹn ti kọjá àtakò. Bó bá jẹ́ òun gan-an ni ẹ gbà pé ó mú owó náà, kí agbẹjọ́rò yín wọn èyí tó máa gbà àti èyí tó máa pàdánù kí ó tó lanu. Èkejì ni bí àbúrò yín bá jẹ́rìí lòdì sí ẹlòmíràn tí wọ́n jọ ń jẹ́jọ́ ẹ̀sùn kan náà. Ọ̀nà méjì yìí kàn án kìkì bó bá bọ́ sínú àpótí. Abala 36 ìwé òfin orílẹ̀-èdè sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè fipá mú un jẹ́rìí.

Ẹ̀gbọ́n yín ní Lọ́ńdọ̀nù kò parọ́, ilẹ̀ tó wà ló ń sọ. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 2003 ti yí ọ̀rọ̀ yìí po: ọ̀nà 7 ló là sílẹ̀ tí ìwà burúkú olùjẹ́jọ́ fi lè wọlé, ọ̀kan nínú wọn sì gba kí wọ́n fi hàn pé ó ti mọ́ ọn lára láti máa dá irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tiwa ṣì sún mọ́ òfin àtijọ́ tí àwọn fúnra wọn lò láti 1898. Àwọn ará wa ní Kétu àti Pọ̀tòónóvò ní orílẹ̀-èdè Benin tún wà lábẹ́ ìlànà mìíràn tó wá láti ilẹ̀ Faransé: nínú ẹjọ́ ọ̀daràn ńlá, ìwádìí nípa ìwà olùjẹ́jọ́ àti àkọsílẹ̀ ìdálẹ́bi rẹ̀ máa ń wà nínú fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ bèèrè ibi tí ìmọ̀ràn ti wá kí ẹ tó tẹ̀ lé e.

Ní ìjókòó tó ń bọ̀, àsìkò ni gbogbo nǹkan. Kí agbẹjọ́rò yín dìde kí ẹlẹ́rìí tó dáhùn, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó dárúkọ abala 82 àti 180, kí ó ní kí adájọ́ dá ẹjọ́ lórí àtakò náà, kí wọ́n sì kọ àtakò àti èsì rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ kóòtù. Bí adájọ́ bá ní òun á sọ tòun nínú ìdájọ́ ìkẹyìn, kí ó tún un kọ sínú àlàyé ìkẹyìn rẹ̀, nítorí pé ohun tí a kò bá rán létí máa ń sọnù. Bó bá jẹ́ pé ó ti jókòó wò wọ́n ní ìjókòó tó kọjá, kò tíì bàjẹ́ tán. Ẹ̀rí tí òfin kà léèwọ̀ kò di gbígbà torí pé ẹnikẹ́ni kò takò ó, ó ṣì lè ní kí adájọ́ yọ ọ́ kúrò. Èyí tó le díẹ̀ ni ti ìpẹ̀jọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn: abala 251 sọ pé gbígba ẹ̀rí tí kò yẹ nìkan kò tó láti yí ìdájọ́ padà bí ilé ẹjọ́ bá rí i pé ẹ̀rí náà kò lè ti nípa lórí ibi tí ìdájọ́ já sí. A kò ní ìgbìmọ̀ ará ìlú tó ń dá ẹjọ́ bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Adájọ́ kan náà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ló máa sọ pé òun ti gbàgbé rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dídènà fi sàn ju pípa rẹ́ lọ.

Ẹ sọ fún àbúrò yín pé kó má pa nǹkan kan rẹ́ lórí Facebook báyìí, nítorí pé wọ́n lè ní ó ń pa ẹ̀rí run. Kó kàn dẹ́kun gbígbé ohun tuntun síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí má sì kọ nǹkan kan nípa ẹjọ́ náà.

Ẹ pa pásítọ̀ mọ́ fún ọjọ́ mìíràn. Bí kóòtù bá dá a lẹ́bi, ohun tí a kò fẹ́, òfin ìlànà ẹjọ́ ọ̀daràn ti 2015 tí àwọn ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ń lò ní kí wọ́n bi í bóyá ó ní ẹlẹ́rìí ìwà kí wọ́n tó sọ ìyà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjọba yóò mú ìdálẹ́bi àtijọ́ jáde bó bá wà. Òfin náà tún ní kí kóòtù má fún ẹni tó ṣẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ìyà tó ga jù. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, kí agbẹjọ́rò yín wo ti Ọ̀yọ́. Níbẹ̀ ni ìyá, ìyàwó, ọmọ, ọjọ́ orí àti ìsìn ti wúlò, níbẹ̀ sì ni pásítọ̀ ti lè sọ ìtàn pọ́ọ̀sì náà láìsí ẹni tó máa dá a dúró.